Ẹ Yé Fi Ẹ̀jẹ̀ Ìdílé Bojú

Ẹ̀yin ará Ìkìrun, ẹ̀yin ará Ìnísà, ẹ̀yin ará Òkukù, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ti lé ní ogójì ọdún tí ẹ kò tíì pé ọgọ́ta, ẹ̀yin ni mo ní í bá wí lónìí. Ọ̀rọ̀ kan ti di orin lẹ́nu yín, ó sì ti sú mi í gbọ́. Ẹ ní, “Ìran wa ló ní i. Ó ṣe bàbá bàbá wa, ó ṣe bàbá wa, bó bá kàn wá, kí la fẹ́ ṣe sí i?” Arán lẹ ń wí, ìgbàgbé tó ń mú àgbà tí kò fi ní dá ọmọ inú rẹ̀ mọ̀ mọ́, tí yóò jáde nílé láàárọ̀ tí kò ní mọ ọ̀nà ilé mọ́, tí yóò jẹun tán tí yóò ní ebi ń pa òun, pé ìyàwó ọmọ òun kò fún òun lóúnjẹ. Bí ẹ bá ti sọ ọ́ tán, ẹ ó gbọn ọwọ́, ẹ ó bẹ́ sẹ́yìn ọ̀kadà, ẹ ó ní kó gbé yín dé ìdí ọtí, níbi tí ohùn yín ìbá dé bí ẹ bá kígbe.

Ọ̀rọ̀ ọ̀lẹ nìyẹn. Ẹ lè bínú sí mi, n kò ní kó ọ̀rọ̀ mi jẹ. Ẹni tí bàbá rẹ̀ fi ilẹ̀ tí igbó kún sílẹ̀ fún kì í jókòó sẹ́bàá rẹ̀ kó máa sunkún pé bí wọ́n ṣe bí òun sí nìyí. Ọkọ́ ló ń mú. Ohun tí ẹ sì ń sọ yìí, àwọn onímọ̀ ti gbé e yẹ̀wò nílẹ̀ Yorùbá níbí, lára àwọn tó ń sọ èdè tí ẹ̀ ń sọ, tó ń jẹ oúnjẹ tí àwọn bàbá yín jẹ. Èsì wọn kò gbè yín.

Ní 1992, àwọn dókítà Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn ti Yunifásítì Indiana ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan pa pọ̀. Olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Òṣuntókun, ọmọ Òkèmẹ̀sí, tí gbogbo ayé mọ̀ nídìí ìmọ̀ àrùn ọpọlọ, wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀ kí ọlọ́jọ́ tó dé ní 1995. Àwọn Ọ̀jọ̀gbọ́n Ògúnníyì, Gureje àti Baiyewu wà nídìí rẹ̀ lọ́dọ̀ tiwa. Hugh Hendrie ni tòkè òkun. Àdúgbò Ìdíkàn ní Ìbàdàn ni wọ́n wọ̀, ojúlé dé ojúlé, lọ́dọ̀ àwọn tó ti pé ọdún 65 sókè. Ní Indianapolis, àwọn adúláwọ̀ tí wọ́n kó baba ńlá wọn lẹ́rú kúrò ní ilẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n lọ bá. Ìbéèrè kan náà, àyẹ̀wò kan náà, ọdún lórí ọdún. Nígbà tí wọ́n gbé èsì jáde ní 2001, nínú ọgọ́rùn-ún àgbà Ìdíkàn tí iyè wọn pé, nǹkan bí ẹnì kan ṣoṣo (1.15) ni àrùn Alzheimer, èyí tó ń fa púpọ̀ jù nínú arán, ń mú lọ́dọọdún. Nínú ọgọ́rùn-ún ti Indianapolis, 2.52 ni. Ìlọ́po méjì ó lé.

Ẹ má tíì dìde. Jíìnì kan wà tí wọ́n ń pè ní APOE. A ń jogún ẹyọ kan lọ́dọ̀ bàbá, a ń jogún ẹyọ kan lọ́dọ̀ ìyá. Irú kan nínú rẹ̀, e4, ló ń dẹ́rù ba àwọn òyìnbó jù lọ. Láàrin tiwọn, ẹni tó bá jogún ẹyọ e4 kan, ewu tirẹ̀ ń tó ìlọ́po mẹ́ta ti ẹni tí kò ní. Ẹni tó bá jogún méjì, tirẹ̀ tún ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Àwọn ará Ìdíkàn náà ní e4 yìí, kò sì ṣọ̀wọ́n láàrin wọn rárá. Síbẹ̀, nígbà tí Gureje àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìṣirò wọn jáde ní 2006, wọn kò rí i pé Alzheimer ń mú ẹni tó ní e4 ní Ìdíkàn ju ẹni tí kò ní in lọ. Ní 2014, lẹ́yìn tí ọdún ti gorí ọdún, ó wá hàn pé ẹni tó jogún méjèèjì, ti bàbá àti ti ìyá, ní ewu tirẹ̀ lóòótọ́. Nítorí náà, n kò ní parọ́ fún yín pé ọ̀rọ̀ ìdílé kò já mọ́ nǹkan. Ó já mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n e4 kò rí ọwọ́ mú ní Ìdíkàn bó ṣe rí i mú níbòmíràn, ohun tí àwọn onímọ̀ náà sì ń nawọ́ sí ni bí àwọn àgbà yẹn ṣe ń gbé ayé. Ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ wọn kéré. Wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ kò pọ̀ láàrin wọn tó ti Indianapolis. Wọn kò sọ pé ìyẹn nìkan ló fà á, ṣùgbọ́n wọn kò lè fojú fò ó dá.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kàn yín nìyí. Ẹ jogún ẹ̀jẹ̀ irú àwọn àgbà bẹ́ẹ̀, ẹ sì ju ìgbé ayé wọn nù. Èyí tó lè ṣe yín ní jàǹbá lẹ dì mú, èyí tó lè gbà yín lẹ ń pè ní ìṣẹ́.

Ẹ wo ọ̀nà tó ti Òṣogbo gba Ìkìrun, Ìnísà àti Òkukù lọ sí Ọ̀fà. Àwọn tó bí yín mọ ọ̀nà yẹn ní ẹsẹ̀. Wọ́n ń lọ sóko láàárọ̀, wọ́n ń ru iṣu bọ̀ nírọ̀lẹ́, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ ná ọjà ìlú kejì. Ẹ̀yin, láti ẹnu ọ̀nà dé mọ́ṣáláṣí, ọ̀kadà. Láti ṣọ́ọ̀ṣì dé ilé, ọ̀kadà. Ẹni tó ní mọ́tò kò tilẹ̀ ní rìn dé ilé àbúrò rẹ̀ tó wà ní ẹ̀yìnkùlé. Ọkùnrin ẹni ọdún márùndínláàádọ́ta, ikùn ti yọ síwájú, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ bó bá gun àtẹ̀gùn, ẹ sì ń kí i pé “Ẹ kú ìgbádùn, Alhájì.” Ìgbádùn wo nìyẹn? Ìdajì wákàtí péré lójúmọ́, kí ẹ rìn débi tí òógùn á fi bọ́ díẹ̀, ẹ kò rí i ṣe.

Oúnjẹ ńkọ́? Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ̀, gbúre, ewédú, gbogbo wọn ń hù lẹ́yìn ilé yín, wọ́n ti di oúnjẹ ẹni tí kò lówó. Ẹja tí a fi irú sè ti di ti ará oko. Índómì lẹ ń fún ọmọ láàárọ̀, ẹ̀yin fúnra yín ń fi ọtí ẹlẹ́rìndòdò ti búrẹ́dì sọ́fun nínú ṣọ́ọ̀bù láti àárọ̀ di alẹ́. Bí òde bá kàn, ẹran ọlọ́ràá lẹ kọ́kọ́ ń wò nínú àwo, ẹni tí wọn ò bá fún a ní wọ́n fi ojú pa òun rẹ́. N kò ní kí ẹ má jẹ iyán. Ẹ jẹ iyán yín. Ẹ jẹ́ kí ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ pọ̀ ju òkèlè lọ, kí iyọ̀ àti mágì dínkù, kí ẹni tó jẹ ẹ́ sì dìde ṣiṣẹ́.

Ṣùgbọ́n èyí tó ń ta mí lára jù ni ti ẹ̀jẹ̀ ríru. Níbẹ̀ ni mo ti fẹ́ pa ẹnu mọ́, tí n kò lè pa á mọ́. Ìdíkàn kan náà tí mo ń sọ yìí, Ògúnníyì àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ padà síbẹ̀, wọ́n tẹ èsì mìíràn jáde ní 2011: àwọn àgbà tí ẹ̀jẹ̀ ríru wà lára wọn ni arán mú ju àwọn tí kò sí lára wọn lọ. Yorùbá sí Yorùbá ni, àdúgbò kan náà, oúnjẹ kan náà. Iṣan tí kò nípọn ju irun orí lọ ló ń gbé ẹ̀jẹ̀ káàkiri inú ọpọlọ. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń fi agbára gba inú wọn lọ́dún mẹ́wàá, lógún ọdún, wọn á máa dí, wọn á máa bẹ́ díẹ̀díẹ̀, ibi tí wọ́n ń bọ́ nínú ọpọlọ á sì máa kú láì sí ẹni tó gbọ́ igbe rẹ̀. Àrùn Alzheimer fúnra rẹ̀ kì í sì í bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí ìyá bá pe ọmọ rẹ̀ ní orúkọ àbúrò. Ó ti lè wà nínú ọpọlọ láti ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ogún ọdún, kí ẹnikẹ́ni tó fura. Àìtètè mólè, olè ń mólóko. Ìdí nìyí tí mo fi ní ẹ̀yin tí ẹ ti lé ní ogójì ni mo ń bá wí.

Kí lẹ sì ń ṣe? Wọ́n á wọn ìfúnpá yín ní ọ̀sípítù, wọ́n á rí i pé ó ga, wọ́n á fún yín lóògùn. Ẹ ó lò ó fún oṣù kan. Orí á fúyẹ́. Ẹ ó ní, “Ara mi ti yá, mo ti dá a dúró.” Ta ló sọ fún yín pé ara yín yá? Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í pariwo. Oògùn yẹn ló mú un wálẹ̀. Lọ́jọ́ tí ẹ bá gbé oògùn kúrò, ó ti dìde padà, ẹ kò sì ní mọ̀. Òmíràn ní pásítọ̀ ti gbàdúrà sí i. Òmíràn ní àgbo tí wọ́n ń polówó nínú mọ́tò ti fọ̀ ọ́ mọ́. Ẹ gbàdúrà, mo ń gbàdúrà pẹ̀lú yín. Ẹ gbàdúrà kí ẹ sì gbé oògùn mì. Ẹ tún padà lọ wọ̀n ọ́n. Àwọn àgbà onímọ̀ tí ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet kó jọ ní 2020 sọ pé láti nǹkan bí ogójì ọdún ni kí ènìyàn ti máa sapá kí nọ́ńbà tòkè nínú ìfúnpá rẹ̀ má ju 130 lọ. Ẹ bi ara yín léèrè nísinsìnyí: mélòó ni tèmi? Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, tó mọ iye tí wọ́n ń ta dọ́là, ojú kò tì í?

Àwọn onímọ̀ Lancet kan náà yìí jókòó padà ní 2024, wọ́n ka nǹkan mẹ́rìnlá tó ń fa arán tí ènìyàn lè ṣe nǹkan sí, wọ́n ní bí a bá lè mú gbogbo wọn kúrò láyé, nǹkan bí ìdá 45 nínú ọgọ́rùn-ún arán ni kò ní ṣẹlẹ̀ tàbí tí yóò sún síwájú. Mo ti mẹ́nu kan díẹ̀ níbẹ̀. N kò ní ka gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ díẹ̀ sí i. Àtọ̀gbẹ wà níbẹ̀. Sìgá wà níbẹ̀, ọtí àmujù wà níbẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ ń fi páragà àti ọtí inú ọ̀rá ṣan ẹnu kí ilẹ̀ tó mọ́ ní gáréèjì, ẹ gbọ́ bẹ́ẹ̀. Èéfín wà níbẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ ń jẹ́ kí ìyá yín jókòó ti igi tútù nínú kíṣìnnì tí kò ní fèrèsé. Orí tó fi nǹkan gbá wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ní oṣù kìíní 2009 tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ní kí ọlọ́kadà máa dé akoto, àwọn kan nílẹ̀ yìí dé igbá dípò rẹ̀, wọ́n rò pé ọlọ́pàá ni àwọn ń tàn jẹ. Títí dòní, ènìyàn mẹ́rin lórí ọ̀kadà kan láti Ìnísà dé Òkukù, kò sí akoto lórí ẹyọ ẹnì kan nínú wọn.

Etí dídi náà wà nínú rẹ̀, ojú tó ń ṣe bàìbàì náà sì wà nínú rẹ̀. Ẹ kì í gbọ́, ẹ ó ní àgbà ló dé. Ẹni tí kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ, yóò dákẹ́. Ẹni tó dákẹ́, wọn ò ní bá a sọ̀rọ̀ mọ́. Ọpọlọ tí a kò bá sọ̀rọ̀ á sì máa sùn. Nígbà mìíràn, epo etí tó gan lásán ni, dókítà á yọ ọ́ lọ́jọ́ kan. Funfun tó ń dí inú ẹyinjú, wọ́n ń fi iṣẹ́ abẹ yọ ọ́. Ẹ kò mú bàbá yín lọ, ẹ ń kùn pé kì í dáhùn.

Ẹ lè ní ti ẹni tí kò ní jíìnì burúkú nìyẹn. Irọ́ ni. Ní 2019, àwọn onímọ̀ láti Yunifásítì Exeter ní Ìlú Ọba tẹ èsì kan jáde lórí ènìyàn tó lé ní 196,000, àwọn tó ti pé ọgọ́ta ọdún sókè. Òyìnbó ni wọ́n, mo gbà. Láàrin àwọn tí jíìnì wọn burú jù nínú wọn, àwọn tí kì í mu sìgá, tí wọ́n ń rìn, tí wọ́n ń jẹ oúnjẹ gidi, tí ọtí wọn kò pọ̀, ewu arán tiwọn fi ìdá 32 nínú ọgọ́rùn-ún kéré sí ti àwọn tí wọ́n ní irú jíìnì kan náà tí wọ́n sì ń gbé ìgbé ayé kí-ló-kàn-mí. Ní Finland, Miia Kivipelto àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kó àgbà 1,260 jọ, wọ́n fi oúnjẹ, eré ìdárayá, iṣẹ́ ọpọlọ àti ìtọ́jú ìfúnpá ran ìdajì wọn lọ́wọ́ fún ọdún méjì. Ọpọlọ àwọn yẹn jí pépé ju ti ìdajì yòókù lọ, e4 kò sì dí ẹni tó ní in lọ́wọ́ láti jẹ nínú àǹfààní náà.

Ẹ jẹ́ n wá bá ẹ̀yin ará Òkukù sọ̀rọ̀ ní tààrà. Obìnrin òyìnbó kan, Karin Barber, wá gbé láàrin yín láwọn ọdún 1970, ó sì kọ ìwé tó jáde ní 1991 lórí oríkì àti àwọn obìnrin ìlú yín. Káàkiri yunifásítì ayé ni wọ́n ti ń kà á. Kí ló rí tó fi wá? Ó rí àwọn obìnrin tí púpọ̀ nínú wọn kò mọ ìwé, tí wọ́n ń ki orílẹ̀ dé orílẹ̀ láti inú orí, tí wọ́n ń pe òkú ìran lórúkọ láì ṣi ọ̀nà. Ṣé ẹ mọ irú iṣẹ́ tí ọpọlọ ń ṣe kó tó lè ṣe bẹ́ẹ̀? Àwọn ọmọ wọn, àwọn ọmọ-ọmọ wọn dà lónìí? Ẹ kò lè ki ara yín ìlà márùn-ún. Nọ́ńbà fóònù ìyàwó yín, ẹ kò mọ̀ ọ́n lórí. Ọpọ́n ayò ti di ohun tí ẹ fi ń ti ilẹ̀kùn. Ẹ kọ́ oríkì ilé yín. Ẹ ta ayò. Ẹni tó mọ Kùránì díẹ̀ kó mọ̀ ọ́n sí i, ẹni tí kò mọ̀wé kó jókòó ti ọmọ-ọmọ rẹ̀ kó kọ́ ọ. Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ní ọgbà ní Òkukù níbẹ̀ yẹn, ẹ kì í wọ̀ ọ́ àfi bí ẹ bá fẹ́ ta nǹkan fún akẹ́kọ̀ọ́.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ wà ní Èkó àti òkè òkun, ẹ má rò pé mo ti gbàgbé yín. Ẹ kọ́ ilé onígéètì fún ìyá yín, ẹ gbé e kúrò ní agbo ilé, ẹ gba ọmọ ọ̀dọ̀ fún un, ẹ gbé tẹlifíṣọ̀n síwájú rẹ̀. Ẹ pè é ní ìtọ́jú. Ìyá tó ti ń bá ènìyàn ogún sọ̀rọ̀ kí oòrùn tó là, ẹ sọ ọ́ di ẹlẹ́wọ̀n onítáìsì. Ní 2003 sí 2004, Gureje àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ mìíràn lórí àwọn àgbà ní ìpínlẹ̀ mẹ́jọ tí Yorùbá ń gbé, Ọ̀ṣun wà nínú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n tọ̀ wọ́n lẹ́yìn, àwọn tí kì í bá ẹgbẹ́ pé, tí kì í bá wọn dá sí ọ̀rọ̀ ìlú, ni arán mú jù. Ẹ dá ìyá yín padà sí àárín ènìyàn. Ẹ jẹ́ kó lọ sípàdé ẹgbẹ́ rẹ̀, kó lọ jókòó níbi tí wọ́n ti ń ṣa ẹ̀gúsí, kó bá wọn jà lórí iye owó ata.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù tí n kò lè fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ. Bí iyè ìyá bá ra, tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tí kò ṣẹlẹ̀, tó ń rìn lóru, tó ń dárúkọ òkú, àwọn kan nínú yín ń sọ pé àjẹ́ rẹ̀ ló ń jẹ́wọ́. Ọmọ tó mu ọmú rẹ̀ ló ń sọ ọ́! Wọ́n á gbé e lọ sórí òkè àdúrà kí wọ́n lù ú, wọ́n á gbé oúnjẹ jìnnà sí i. Àìsàn ni. Àrùn ọpọlọ ni, bí rọpárọsẹ̀ ṣe jẹ́ àìsàn. Àwọn kan wà tí wọ́n á rìn, tí wọ́n á jẹ ẹ̀fọ́, tí wọ́n á lo oògùn wọn déédéé, tí arán yóò sì mú wọn síbẹ̀, nítorí kò sí ẹni tó bá ara ṣe májẹ̀mú. Ní agbègbè Antioquia ní Colombia, àwọn ìdílé kan wà tí jíìnì mìíràn, tó ṣọ̀wọ́n gan-an, ń jẹ́ kí arán mú ọmọ wọn láti ogójì ọdún ó lé. Kò sẹ́ni tó lè bá irú àwọn bẹ́ẹ̀ wí. Ẹni tó bá mú, ẹ fi sùúrù tọ́ ọ, ẹ fi orúkọ rere pè é, ẹ mú un lọ bá dókítà.

Ẹ̀yin tí kò tíì mú, ẹ̀rí ti pọ̀ tó fún yín. Lọ́sẹ̀ yìí, kí ọjà tó ná, kí tọkọtaya lọ wọn ìfúnpá, kí wọ́n ṣàyẹ̀wò ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, kí wọ́n kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ó wá ṣe Iléyá tàbí Kérésì nílé, bí ẹ bá ń di ẹrù, ẹ fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ìfúnpá kan sínú rẹ̀ fún agbo ilé, ẹ sì yan ọmọ kan tó mọ nọ́ńbà kà, tí yóò máa kọ ti gbogbo àgbà ilé sínú ìwé lóṣooṣù. Ìwé yẹn ni n óò béèrè lọ́wọ́ yín bí mo bá yà.